Òróró Lára Bíréèkì

"Má fọwọ́ kàn án!"

Moṣọpẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Raodah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, àwọn méjèèjì sì lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá Moṣọpẹ́ tí wọ́n fi ti ògiri pálọ̀, nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Barking Riverside, létí odò Thames ní ìlú òyìnbó. Sípánà, bóòtù àti páálí ti gba gbogbo ilẹ̀. Bí àlejò bá wọlé nígbà náà, orí tábìlì ni ì bá dúró sí.

"Mú ìka rẹ kúrò lára àwo irin yẹn," Raodah ń bá a wí. "Ọ̀rá ara ìka lásán, ó tó láti ba bíréèkì jẹ́. I'm not joking. Etí rẹ̀ ni kó o ti dì í mú."

Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì ni àwọn méjèèjì. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Raodah mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀gbẹ́ni Olúkáyọ̀dé, bàbá Moṣọpẹ́, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock, aago mẹ́fà àárọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn: bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó jókòó sílé rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà, ọ̀nà àwọn tírélà ni, bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà sì ti gbó. Wáyà ló ń fà á. Bí òjò bá ti rọ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ku díẹ̀ kó gun kẹ̀kẹ́ wọ abẹ́ tírélà kan. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ó ní awakọ̀ náà bú òun ní èdè tí òun kò gbọ́, òun náà sì dá a lóhùn ní Yorùbá kó lè dọ́gba. Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Moṣọpẹ́ ló wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé bíréèkì tuntun kan wà tí kò lo wáyà. Òróró inú rọ́bà tín-ín-rín kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ti tẹ ọwọ́ bíréèkì, òróró náà á ti páàdì méjì kí wọ́n há àwo irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á sì dúró ṣinṣin, òjò ì báà máa rọ̀. "Dádì, èmi ni mo máa dè é," ló wí. "Trust me." Bàbá rẹ̀ gbà.

Wọ́n tú ti àtijọ́ sínú ọ̀rá kan, Moṣọpẹ́ sì sọ ọ̀rá náà sí abẹ́ síǹkì ilé ìdáná. Wọ́n de tuntun mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n fi sípíríìtì nu àwo irin méjèèjì, wọ́n sì tẹ ọwọ́ bíréèkì kí páàdì lè wà láàárín gẹ́gẹ́ kí wọ́n tó fún bóòtù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Moṣọpẹ́ tú u tó tún un dè nítorí pé ó ń ha. Nígbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wá ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ láìdún, Moṣọpẹ́ fi ìka kan péré tẹ ọwọ́ bíréèkì. Gbì! Ó dúró.

Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, ó gùn ún yí àgbàlá ká, ó ń tẹ bíréèkì, ó ń tú u sílẹ̀, bí Raodah ṣe ní kó ṣe kí páàdì lè mọ àwo irin rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọdé ló ń rín nígbà tó padà dé. "Ẹnjiníà mi! Ní Monday, ìwọ lo máa gbé mi dé ibi iṣẹ́." Ó ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní ọmọ òun ló ṣe é. Inú Moṣọpẹ́ dùn débi pé kò lè jẹun.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun kan nípa ilé yìí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, ìyá Moṣọpẹ́, Arábìnrin Olúfọlákẹ́, kò sì fi àdúrà ṣeré. Kò sí ohun tó wọlé tí kì í gbàdúrà sí: bàtà tuntun, fóònù, àpò ìrẹsì. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé bí lẹ́tà àwọn oníná bá dé, ìyàwó òun á kọ́kọ́ gbàdúrà sí i kó tó ṣí i. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò Moṣọpẹ́, ìyá rẹ̀ wọ́n omi àdúrà sórí bírò, rúlà àti ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. Kó tó dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ̀rọ náà ti kú. Bí Moṣọpẹ́ ṣe padà dé ló kígbe mọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní omi ni omi ń jẹ́, ó ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti sú òun. Ìyá rẹ̀ kò lù ú, kò bú u. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò sì fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló parí ìjà náà. "Moṣọpẹ́, mo bẹ̀ ọ́," ló wí. "Ìyá rẹ kò ní ohun mìíràn tó fi ń dáàbò bò wá ní ìlú yìí. Ohunkóhun tó bá fi àdúrà ṣe, gbé e mì. Torí tèmi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Moṣọpẹ́ ṣèlérí fún un pé òun kò ní tún la ẹnu òun mọ́ lórí ọ̀rọ̀ àdúrà.

Ní ọ̀sán Sunday, ó wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń ka ìwé kẹ́mísírì fún ìdánwò ọjọ́ kejì, nígbà tó gbóòórùn òróró. Ó jáde sí pálọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ náà nínú sùtánà funfun rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ìgò òróró ìyàsímímọ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sì ń ka Sáàmù wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti fi òróró pa ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ti fi pa ìjókòó. Nísinsìnyí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa àwo irin iwájú yípo yípo, bó ṣe máa ń fi ìpara pa ẹ̀yìn Moṣọpẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti ṣe ti ẹ̀yìn tán. Òróró ń kán láti ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Moṣọpẹ́ sún mọ́ ọn. "Mọ́mì..."

"Wá, wá kúnlẹ̀," ìyá rẹ̀ wí láìwẹ̀yìn. "Wòlíì Irewọlé rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ lójú títì. Wọ́n ní kí n fi òróró pa ẹsẹ̀ méjèèjì kí ibi lè ré kọjá lórí bàbá rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ lé e." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. "Mo mọ̀ pé o ò gbà á gbọ́. Àmín nìkan ni kó o bá mi ṣe."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Moṣọpẹ́. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ó rántí ìlérí tó ṣe fún bàbá rẹ̀, ó sì wo ètè gbígbẹ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Àmín," ló wí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé lọ bọ́ sùtánà, Moṣọpẹ́ gbé sípíríìtì, ó nu àwo irin méjèèjì títí wọ́n fi ń dán. Ó gbé kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ó ké wíì, ó yọ̀, ó yọ̀, kó tó dúró. Ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Raodah lórí fóònù, èsì sì dé kíákíá: "Páàdì ti mu òróró yẹn. Nothing can get it out. Kó wọn dànù, ká ra tuntun. Dá bíréèkì àtijọ́ padà síbẹ̀ fún ìsinsìnyí. Má jẹ́ kí Dádì ẹ gùn ún o. Please."

Bíréèkì àtijọ́ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ síǹkì. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí Moṣọpẹ́ dúró sí. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ̀kẹ́, ìyá rẹ̀ á jáde, á bi í pé kí ló dé, kí ló sì fẹ́ sọ? Ìwé kẹ́mísírì ń dúró dè é. Gbogbo ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì ti ń fi ìdùnnú dáhùn fọ́tò, wọ́n ń pè é ní ẹnjiníà. Ó jókòó, ó ń wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè burú tó bẹ́ẹ̀, pé bàbá òun kì í sáré, pé ó máa gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn.

Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Moṣọpẹ́ tẹ̀ lé e. Bíréèkì ké.

"Kí ló ń ké báyìí? Kò ké lánàá."

"Tuntun ni, Dádì. They do that. Ó máa dákẹ́."

"Ṣé ó ti dáa?"

"Ó ti dáa."

Bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó fi nu ṣòkòtò, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ padà wọlé.

Òjò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Moṣọpẹ́ gbọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó lè sáré tẹ̀ lé e. Ó lè pè é láti ojú fèrèsé. Ó ní òun máa pè é lórí fóònù bó bá ṣe díẹ̀. Oorun gbé e lọ.

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni wọ́n ti wá pè é. Ìbéèrè kẹta ló wà. Olùkọ́ kan tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ní kó fi bírò sílẹ̀, kó mú àpò rẹ̀, kó máa bọ̀.

Tírélà kan ló ń jáde láti ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀. Kò sáré. Ọ̀gbẹ́ni Olúkáyọ̀dé rí i láti òkèèrè, àyè sì wà dáadáa fún un láti dúró. Ó tẹ bíréèkì méjèèjì. Ó tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bíréèkì ń ké, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Táyà ẹ̀yìn tírélà náà gun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn dókítà ti gé e lókè orúnkún.

Ilé ìkẹ́rùsí fi káàdì àti òdòdó ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Arábìnrin Olúfọlákẹ́, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án, tún lọ gba iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ní àárọ̀ kùtùkùtù. Moṣọpẹ́ fìdí rẹmi nínú kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí bi í. Ó kó gbogbo sípánà rẹ̀ fún Raodah. Raodah gbà á, kò bi í ní nǹkan kan, nítorí pé òun náà mọ èsì tí òun fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn.

Nígbà tí àṣírí náà kò gba inú rẹ̀ mọ́, ó dá lọ sí ilé ìwòsàn. "Dádì, òróró ni," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Mọ́mì fi òróró pa àwo irin bíréèkì. Mo rí wọn. Mo sì sọ fún yín pé ó ti dáa."

Bàbá rẹ̀ kò wò ó. Ó fa lẹ́tà kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. "Àwọn ọlọ́pàá yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò. Ó wà níbí, wọ́n ní òróró wà lára bíréèkì, awakọ̀ náà kò jẹ̀bi." Ó ká lẹ́tà náà padà. "Ọwọ́ mi yọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì gbóòórùn rẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan ni ìyá rẹ fi òróró pa. Ó yẹ kí n bi ọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ní kó o máa gbé e mì, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Má ṣe sọ fún ìyá rẹ o. Ọ̀rọ̀ yìí máa pa á."

Moṣọpẹ́ tún ṣe ìlérí kejì.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Arábìnrin Olúfọlákẹ́ jáde síwájú ìjọ. Ó ní ẹ̀mí ì bá lọ, ẹsẹ̀ ló lọ. Ó ní bí kì í bá ṣe ti òróró tí òun fi pa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn, òkú ọkọ òun ni wọn ì bá gbé wálé. Gbogbo ìjọ hó yèè. Moṣọpẹ́ dúró tì í nínú sùtánà, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá méjì tó fi ń rìn. Kò bú awakọ̀ kankan ní Yorùbá mọ́. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí á máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi lórí Thames. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó fẹ́ jẹun, á ní ohunkóhun tó bá wà.

Ní ọjọ́ kẹta tó délé, ìyá Moṣọpẹ́ gbé ìgò òróró jáde. Ó kó ọ̀pá méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó dojú wọn délẹ̀, ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́. "Ibi tó ń kan ilẹ̀ gan-an ni kí òróró kàn," ló wí, "kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ má ṣe yẹ̀ mọ́ láéláé." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí rọ́bà ìdí ọ̀pá.

"Mọ́mì, ẹ dúró!"

"Moṣọpẹ́," bàbá rẹ̀ wí láti ojú fèrèsé, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Rárá, Dádì." Ọmọ náà di ọ̀pá kan mú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi síbẹ̀. Rọ́bà yẹn ló ń di ilẹ̀ mú. Bí òróró bá kàn án, ó máa yọ̀. Dádì máa ṣubú."

"Òróró àdúrà?" Ìyá rẹ̀ ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Èyí tó gba bàbá rẹ sílẹ̀?"

Arábìnrin Olúfọlákẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí gíláàsì fèrèsé. Arábìnrin náà wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tẹrí ba. Ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tó ń dán fún òróró.

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" ló wí. "Bíréèkì ni mo fi pa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O wà níbẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. "O kúnlẹ̀ tì mí. O ṣe àmín."

Moṣọpẹ́ dojú bolẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá rẹ̀ kò bú u. Ó dìde, ó lọ sí ìdí síǹkì, ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, omi ń ṣàn, títí bàbá fi ní kí Moṣọpẹ́ lọ bá a pa ẹ̀rọ omi.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Moṣọpẹ́ ti mọ òwe yìí láti kékeré. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jẹ kòkòrò ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó dára kéèyàn bọ̀wọ̀ fún òbí, ó dára kéèyàn mú ìlérí ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ohun tó lè ṣeni léṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá máa mú ìyá yín sunkún. Ẹkún ọjọ́ mẹ́rin ni Moṣọpẹ́ sá fún. Èyí tó gbà dípò rẹ̀ kò tíì ní ọjọ́ tó máa tán.

Ìgò òróró náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó tún ṣí i. Arábìnrin Olúfọlákẹ́ ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kó tó mú ohunkóhun tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ báyìí, ìbáà ṣe ẹyọ bàtà kan ṣoṣo tó ń wọ̀ tàbí ife tó fi ń mu omi, á kọ́kọ́ dúró, á káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á sì pe Moṣọpẹ́.

"Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ lè fọwọ́ kàn án, mà," Moṣọpẹ́ á dáhùn. Ojoojúmọ́ ló ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.